Oko Baba Ẹlòmíràn: Àwọn Ètò Tí Ó Ń Kó Ọ̀dọ́ Nàìjíríà Jọ

Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, bọ́ọ̀sì kan tí ó kó àwọn eléré ìdárayá ìpínlẹ̀ Kánò àti àwọn olùtọ́jú wọn ń darí bọ̀ wá sí ilé láti ìlú Abẹ́òkúta. Ìrìn-àjò náà jìn tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà, wọ́n sì fi òru rìn. Ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé nígbà tí ọkọ̀ náà já bọ́ láti orí afárá kan ní ojú ọ̀nà tí ó ti Zaria wọ Kánò. Àwọn tí ó kú níbẹ̀ lé ní 20. Ibi Ìdíje Eré Ìdárayá ti Orílẹ̀-èdè, èyí tí ìpínlẹ̀ Ògùn gbà ní àlejò, ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n ti bá àwọn ẹgbẹ́ wọn láti ìhà gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà díje. Ó ku kí wọ́n dé ilé kí wọ́n sì ròyìn ohun tí ojú wọn rí. Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ sí oko, wọn kò rí ilé bọ̀ sinmi.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún ọ̀fọ̀, ìbánikẹ́dùn sì wọlé láti ọ̀nà jíjìn àti nítòsí. Ṣùgbọ́n nígbà tí omijé bá gbẹ, ìbéèrè a máa ṣẹ́kù sílẹ̀. Kí ni ó gbé ọmọ Kánò dé Abẹ́òkúta? Àǹfààní wo ni ó wà nínú kí ìjọba máa kó ọmọ ọlọ́mọ láti ìpẹ̀kun kan ilẹ̀ yìí lọ sí ìpẹ̀kun kejì, yálà nítorí ẹ̀kọ́, tàbí nítorí eré sísá, tàbí nítorí ijó àti ìlù? Ǹjẹ́ èrè ibẹ̀ tó ewu ibẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ará Kánò nìkan. Gbogbo ilé tí ó bá ní ọmọ tí ń kàwé ni ó kàn, nítorí pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ìwé yóò dé pé kí ọmọ náà di ẹrù rẹ̀, kí ó lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá tíì dé oko baba ẹlòmíràn, yóò máa sọ pé kò sí oko baba ẹni tí ó tó ti baba òun. Nínú òwe yìí ni a ti lè rí ìdí tí a fi dá àwọn ètò wọ̀nyí sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1966, oko ńlá mẹ́rin ni Nàìjíríà pín sí, yàtọ̀ sí Èkó tí ó jẹ́ olú-ìlú: Ẹkùn Àríwá, Ẹkùn Ìlà-Oòrùn, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, àti Ẹkùn Àárín Ìwọ̀-Oòrùn tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1963. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ni ó ní olórí ìjọba tirẹ̀, ó sì ní ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọmọ tí a bí ní Ìjẹ̀bú lè kàwé yanjú, kí ó gba iṣẹ́, kí ó sì kọ́ ilé, láìjẹ́ pé ó bá ọmọ Kanuri kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà rí. Ọmọ tí a bí ní Nsukka náà lè dàgbà di arúgbó láìfi ojú kan odi ìlú Zaria. Ohun tí ẹnì kan mọ̀ nípa ẹnìkejì kò ju èyí tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣèlú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu òṣèlú tí ń wá ìbò kì í ṣe ibi tí ó dára láti ti kọ́ ìwà ọmọnìkejì.

Ìpalára tí irú àìmọra-ẹni bẹ́ẹ̀ lè dá sílẹ̀ hàn sí gbogbo ayé. Ní ọdún 1966 kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ológun fi ìbọn gba ìjọba, a sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Ìlà-Oòrùn tí ń gbé ní Àríwá. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1967, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀; kò sì parí títí di ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, Ọ̀gágun Yakubu Gowon kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Afárá tí bọ́ǹbù wó, a lè tún un kọ́ láàrin ọdún méjì. Ọkàn tí ó ti gbà pé ọ̀tá ni aládùúgbò, sìmẹ́ǹtì kọ́ ni a fi ń tún un mọ. Èyí ni ó mú kí àwọn tí ń ṣe àkóso ìlú nígbà náà yí ojú sí àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì gba ọ̀nà mẹ́rin: ilé-ẹ̀kọ́, ìsìnrú ìlú, pápá eré, àti ìtàgé àṣà.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ṣáájú. Àní kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ni a ti gbin èso rẹ̀. Ní ọdún 1966, Ìjọba Àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga mẹ́ta sílẹ̀, ọ̀kan ní Sókótó, ọ̀kan ní Warri, ọ̀kan sì ní Okposi. Ẹni tí ó bá wo ibi tí a kọ́ wọn sí yóò rí ète tí ó wà nínú rẹ̀: ọ̀kan bọ́ sí Àríwá, ọ̀kan sí Àárín Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀kẹta sí Ìlà-Oòrùn. Ní Èkó, Ìjọba Àpapọ̀ ti ní King's College tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1909, àti Queen's College ti àwọn ọmọbìnrin, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1927. Lẹ́yìn ogun ni irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, tí wọ́n fi lé ní 100 lónìí. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣọ̀kan ni gbogbo ayé ń pè wọ́n.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ni. Ìdánwò kan náà ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣe káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Apá kan àyè tí ó wà ni a ń fún àwọn tí ó gba máàkì jù lọ. Apá kan ni a ń pín kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní ọmọ níbẹ̀. Apá kan sì jẹ́ ti àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà ní àdúgbò wọn. Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, inú ilé ibùsùn kan náà ni wọn yóò máa sùn, oúnjẹ kan náà ni wọn yóò máa jẹ, agogo kan náà ni yóò máa jí wọn. Ọmọ ọdún 11 tí ó bá ń ṣàìsàn lóru kì í béèrè èdè tí ẹni tí ó bu omi fún un ń sọ nílé. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ òun ni. Nígbà tí ó bá di àgbà, bí ẹnì kan bá sọ fún un pé irú àwọn ènìyàn báyìí kò ṣe é fọkàn tán, ojú ẹni tí ó bu omi fún un ni yóò rántí. Ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé ni èyí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olùkọ́ tí ó lè fi ẹnu kọ́ ọ.

Síbẹ̀, ètò pínpín àyè yìí ti fa ìkùnsínú. Ní ọdún 2013, máàkì tí ọmọkùnrin láti ìpínlẹ̀ Anambra gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó wọlé jẹ́ 139, nígbà tí ti ọmọkùnrin láti ìpínlẹ̀ Yobe jẹ́ 2. Òbí tí ọmọ rẹ̀ gba 130 tí a kò sì mú un yóò béèrè pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ náà ṣẹ̀. Òbí tí ó wà ní Yobe náà yóò dáhùn pé níbi tí ogun ti sọ ilé-ẹ̀kọ́ di ahoro, báwo ni ọmọ yóò ṣe gba máàkì tí ó pọ̀? Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a gbé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó rẹ̀yìn dìde, kí àlàfo tí ó wà láàrin 139 àti 2 lè máa dín kù lọ́dọọdún. Bí àlàfo náà bá wà bẹ́ẹ̀ títí láé, ohun tí a fi ń wá ìrẹ́pọ̀ yóò di ohun tí ń bí ìlara.

Ọ̀nà kejì ni ìsìnrú ìlú, èyí tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà àgùnbánirọ̀ di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1973 ni ìjọba Gowon fi òfin 24 ti ọdún náà dá a sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ ètò ọrọ̀-ajé àti àtúnṣe ìlú, wà lára àwọn tí ó gbé ètò náà kalẹ̀. Ọ̀gágun Ahmadu Ali sì ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn tí ó kọ́kọ́ sìn lé díẹ̀ ní 2,000. Lónìí wọ́n lé ní 300,000 lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá jáde ní yunifásítì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí kò sì tíì kọjá ẹni ọgbọ̀n ọdún, ni ètò náà kàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń wà ní àgọ́. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti wọ aṣọ káàkí àti bàtà ológun, tí fèrè yóò máa jí wọn ní kùtùkùtù, tí wọn yóò máa yan bí ọmọ ogun, tí wọn yóò sì máa kọ́ díẹ̀ nínú èdè àti àṣà ibi tí wọ́n dé. Lẹ́yìn náà ni a óò pín wọn sí ibi iṣẹ́: ọ̀pọ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn sí ilé ìwòsàn tàbí ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìgbèríko ni ó jẹ́ pé bí kò bá sí àgùnbánirọ̀, kò sí ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò tàbí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ibi tí a rán wọn lọ ni wọ́n ti rí ọkọ tàbí aya, tí wọ́n sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ọmọ tí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ bá bí, oko baba ìyá rẹ̀ àti oko baba baba rẹ̀ jìnnà sí ara wọn gan-an, síbẹ̀ kò sí èyí tí a lè pè ní oko ẹlòmíràn lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ètò yìí pẹ̀lú ti gba ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, nígbà tí a dìbò yan ààrẹ, àwọn àgùnbánirọ̀ wà lára àwọn tí ó bá ìjọba ṣe iṣẹ́ ìdìbò. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn èsì ìbò, a sì pa àgùnbánirọ̀ 10 ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Wọn kì í ṣe òṣèlú, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni du ipò. Ìjọba ni ó rán wọn lọ, aṣọ ìjọba ni ó sì wà lọ́rùn wọn. Láti ìgbà náà, bí ìwé ìránniníṣẹ́ bá dé, òbí púpọ̀ ni ó máa ń sáré wá ẹni ńlá tí yóò bá wọn yí ibẹ̀ padà sí tòsí ilé. Kò sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé bí ọmọ Ìbàdàn bá ń sìn ní Ìbàdàn, tí ọmọ Sókótó ń sìn ní Sókótó, orúkọ nìkan ni ó kù nínú ètò náà. Àti pé ọmọ tálákà, tí kò mọ ẹni ńlá kankan, ni yóò máa lọ sí ibi tí àwọn yòókù sá fún.

Ọ̀nà kẹta ni pápá eré. Ọdún 1973 kan náà ni a ṣe Ìdíje Eré Ìdárayá ti Orílẹ̀-èdè fún ìgbà àkọ́kọ́, ní pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Surulere ní Èkó. Pápá yìí ni ó gba àlejò àwọn eléré gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà. Ète méjì ni ìdíje náà ní: èkíní, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ogun ti yà nípa lè pàdé níbi tí ìjàkadì wọn kò ti ní mú ẹ̀mí lọ, èkejì, kí a lè rí àwọn tí yóò máa ṣojú Nàìjíríà lókè òkun láti inú ìlú kéékèèké tí ojú kì í tó. A máa ń gbé ògùṣọ̀ ìṣọ̀kan kiri kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ọdún eré ti dé.

Ohun kan wà nínú ìdíje yìí tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Yàtọ̀ sí eré sísá, bọ́ọ̀lù àti odò wíwẹ̀, àwọn eré ìbílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àwọn Haúsá tí a ń pè ní dambe wà níbẹ̀, ìjàkadì kokowa wà níbẹ̀, ayò ọlọ́pọ́n náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó rò pé ìdí igi odán ní ìlú baba òun nìkan ni a ti ń ta ayò yóò rí i pé àwọn mìíràn ní tiwọn, tí wọ́n sì lè jẹ òun láyò mọ́jú. Bákan náà ni àwọn abirùn ní ìdíje tiwọn níbẹ̀, àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n bá sì gbà ni a ń kà mọ́ ti ìpínlẹ̀ wọn. Àwùjọ tí ó bá lè pàtẹ́wọ́ fún abirùn láti ìpínlẹ̀ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohun tí ó ju eré lọ.

Àléébù kò ṣàì sí. A ṣètò pé ọdún méjì-méjì ni ìdíje yìí yóò máa wáyé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí tí ó wáyé ní Èkó ní ọdún 2012, kò sí òmíràn títí di ọdún 2018 ní Àbújá. Ọmọ tí ó jẹ́ ẹni ọdún 16 ní àkọ́kọ́ ti di ẹni ọdún 22 nígbà kejì. Bóyá ó ti pa eré tì, ó ti lọ ń wa ọ̀kadà. Èyí tí ó yẹ kí ó wáyé ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ní ọdún 2020 bọ́ sí ọdún 2021 nítorí àrùn Kòrónà. Ẹ̀wẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ tí ó lówó a máa fi owó fa àwọn eléré tí ìpínlẹ̀ mìíràn ti tọ́ dàgbà mọ́ra, kí àmì-ẹ̀yẹ wúrà wọn lè pọ̀. Gómìnà yóò yọ̀, ìwé ìròyìn yóò gbé e, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà ní abúlé ìpínlẹ̀ náà gan-an kò ní rí àyè sáré. Ẹni tí ó ra ẹran ní ọjà kò lè pe ara rẹ̀ ní ọdẹ.

Ọ̀nà kẹrin ni àṣà. Ní ọdún 1970, ọdún tí ogun parí, ni a ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà ti orílẹ̀-èdè fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Èkó. Láti ìgbà náà ni àwọn ìpínlẹ̀ ti ń pàdé láti jó, láti lù, láti ṣe eré orí ìtàgé, láti se oúnjẹ ìbílẹ̀ àti láti pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́. Lẹ́yìn èyí ni àjọ̀dún ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ sí FESTAC dé, láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú káàkiri ayé péjọ sí Èkó, tí a sì gun ẹṣin lọ́nà ti àwọn ọba Àríwá ní Kàdúná. Àwòrán ojú Ìdíá, ìyá Ọba Benin, ni a fi ṣe àmì àjọ̀dún náà. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìlú London tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀ láti yá Nàìjíríà lò, nítorí náà àwọn oníṣẹ́ ọnà Benin gbẹ́ òmíràn. Láti ọjọ́ náà, ojú Ìdíá kì í tún ṣe ti àwọn ará Benin nìkan mọ́. Ọmọ Tiv àti ọmọ Ẹ̀gbá náà bínú nítorí rẹ̀, wọ́n sì fi í yangàn.

Bẹ́ẹ̀ ni àṣà ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó pa tirẹ̀ tì. Ó kàn ń fi hàn án pé ohun tí ó ń ṣe ní ilé, ẹlòmíràn ń ṣe irú rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ìyá arúgbó tí ń pa aró ní Abẹ́òkúta àti ọkùnrin tí ń rẹ aṣọ sínú kòtò aró ní Kánò kò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n bí a bá mú wọn pàdé nídìí àtẹ kan, ọwọ́ wọn tí ó ti dúdú yóò bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà náà, ṣé àwọn ètò wọ̀nyí ti mú ìṣọ̀kan wá? Ẹni tí ó bá sọ pé rárá ń purọ́, ẹni tí ó bá sì sọ pé wọ́n ti parí iṣẹ́ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá pẹ̀lú Mòrókò ní ìlú Rabat, àmì-ayò 2 ni Mòrókò kọ́kọ́ fi ń lé wọn. Àwọn obìnrin náà kò sọ̀rètí nù. Wọ́n gbá 3 wọlé, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà kẹwàá. Láti Port Harcourt dé Maiduguri, kò sí ẹni tí ó béèrè ìlú ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé kí ó tó hó yèè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọ̀rọ̀ bá kan iṣẹ́, ilẹ̀, tàbí ìdìbò, ìbéèrè náà yóò tún padà dé: ará ibo ni ọ́? Bọ́ọ̀lù kò lè ṣe iṣẹ́ adájọ́. Ijó kò lè dípò owó-oṣù tí a jẹ òṣìṣẹ́. Níbi tí ìrẹ́jẹ bá wà, àjọ̀dún ogún kò lè pa á rẹ́. Ohun tí àwọn ètò wọ̀nyí lè ṣe ni pé kí wọ́n mú kí àwọn ènìyàn mọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn yóò fi lè jókòó sọ ọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ náà láìfa ọ̀bẹ yọ. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, ogun ọdún mẹ́ta sì ti fi hàn bí àìsí rẹ̀ ti rí.

Ewu tí ó dojú kọ wọ́n nísinsìnyí wá láti ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, àwọn apániláyà ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣọ̀kan tí ó wà ní Buni Yadi ní ìpínlẹ̀ Yobe lóru, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tí ń sùn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣọ̀kan ti Birnin Yauri ní ìpínlẹ̀ Kebbi, wọ́n sì jí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbé lọ. Àwọn ọmọbìnrin kan nínú wọn pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé náà ju ọdún kan lọ. Nígbà tí òbí bá gbọ́ irú ìròyìn báyìí lórí rédíò, kò sí ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan tí yóò wọ̀ ọ́ létí. Ọmọ rẹ̀ ni yóò máa rò. Bí àwọn òbí bá sì fa ọmọ wọn sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìpẹ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò tún padà sí oko baba rẹ̀, yóò sì tún máa sọ pé kò sí irú rẹ̀.

Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ààbò ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó jù lọ nínú ètò ìṣọ̀kan. Kò sí ohun tí ó ṣòro nínú púpọ̀ nínú ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ìpínlẹ̀ tí ó bá ń rán ọmọ lọ sí ibi tí ó jìn tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà kò yẹ kí ó jẹ́ kí wọ́n fi òru rìn. Kí wọ́n sùn lójú ọ̀nà; owó ibùsùn alẹ́ kan kò tó owó pósí kan. Kí awakọ̀ méjì wà nínú ọkọ̀, kí ọ̀kan máa sinmi nígbà tí ẹnìkejì ń wà á. Kí a yẹ táyà àti bíréèkì wò kí wọ́n tó gbéra, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Kí a fi owó ìrìn-àjò àti owó ìbánigbófò sínú ìṣirò ìdíje láti ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi owó iná àti ayẹyẹ ìṣíde sí i. Ní ti ilé-ẹ̀kọ́, ògiri tí ó yí i ká, ìmọ́lẹ̀ lóru àti ẹ̀ṣọ́ tí ó wà lójúfò gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀dà tí a fi ń kun ẹnu ọ̀nà. Ní ti àgùnbánirọ̀, ibi tí ìjọba kò bá lè dáàbò bo ọmọ ogun tirẹ̀ kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ó rán ọmọ ọlọ́mọ lọ; ibi tí ó bá sì yẹ ní rírán ni, kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà jọ máa lọ. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mú ẹkún sun.

Ojúṣe wà lọ́rùn àwọn ará ìlú pẹ̀lú. Ìlú tí a bá rán àlejò ọmọ sí gbọ́dọ̀ kà á sí ọmọ tirẹ̀. Baálẹ̀ tí ó mọ orúkọ àgùnbánirọ̀ tí ó wà ní abúlé rẹ̀, ìyá olóńjẹ tí ó béèrè ìdí tí kò fi wá ra oúnjẹ láti àná, àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí wàhálà bá sì dé, ilé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni àlejò máa ń sá sí. Àwọn tí ilẹ̀kùn ilé wọn ṣí fún ọmọ ẹlòmíràn ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, yálà ní Àríwá tàbí ní Gúúsù, ni wọ́n ń gbé Nàìjíríà ró, bí orúkọ wọn kò tilẹ̀ jáde nínú ìròyìn.

Àwọn ọmọ Kánò tí ó kú lójú ọ̀nà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ti dé oko baba ẹlòmíràn. Wọ́n ti jẹun níbẹ̀, wọ́n ti bá àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣeré, wọ́n sì ti rí i pé oko tó pọ̀ láyé. Ohun tí orílẹ̀-èdè jẹ wọ́n ní gbèsè kì í ṣe pé kí a pa ìdíje rẹ́, nítorí pé bí a bá pa á rẹ́, a jẹ́ pé asán ni ìrìn-àjò wọn. Gbèsè náà ni pé nígbà tí fèrè bá tún dún, tí àwọn ọmọ mìíràn láti Kánò bá tún di ẹrù wọn, ojú ọ̀nà tí wọn yóò gbà lọ ni wọn yóò gbà bọ̀, àwọn ìyá wọn yóò sì wà lẹ́nu ọ̀nà láti gbọ́ ìròyìn oko.